Kí fótò Bàbá má baà di fótò ẹni tí a kò mọ̀

Àbúrò bàbá bàbá mi ni Bàbá Kùmásí (Kùmásí ni ìlú tí wọ́n ti ṣòwò ní Ghana). Torí pé ìwé ni mò ń kọ ni mo ṣe pè wọ́n bẹ́ẹ̀ o. Nínú ilé wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní "àbúrò bàbá bàbá". Bàbá ni wọ́n, bí ẹ̀gbọ́n wọn tó bí bàbá mi náà ṣe jẹ́ Bàbá. Èdè wa kò ya irú ìbátan yẹn sọ́tọ̀, kò sì ni wá lára nígbà tí gbogbo wọn ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, tí mo wá tú àpótí, ni mo rí fótò mẹ́ta tí ẹnì kan fi báírò kọ "BABA" sí lẹ́yìn. Ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí mo ṣe tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ni mo fẹ́ tò síbí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, fún ẹni tó bá ní àpótí irú rẹ̀ nílé. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé iṣẹ́ orúkọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún méjìlá lè fi fóònù ya ọgọ́rùn-ún fótò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè na ìka sí ojú kan kó ní, "Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ nìyí, ilé wọn ló wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí", ẹni yẹn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan péré, ẹ fi lọ jókòó tì í. Fótò á dúró dè yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tọrọ àyè

Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n kì í kàn wọlé lọ kó ẹrù bàbá àgbà. Mo pe ọmọ Bàbá obìnrin tó dàgbà jù, mo kí wọn títí, mo wá ní mo fẹ́ wo àpótí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni?"

N kò bínú. Inú àpótí kan náà ni fótò, rìsíìtì owó orí àti ìwé ilẹ̀ máa ń wà, ojú àwọn ọmọ sì ti rí nǹkan. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ jókòó tì yín, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ohun tó bá ń jáde sínú ìwé kan. Bí ìwé ilẹ̀ bá jáde, ẹ má yà á ní fótò. Ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, láti ọjọ́ náà sì ni Àǹtí fúnra wọn ti ń bá mi wá fótò kiri.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá a dé ibi tí kò sí nínú àpótí

Ẹ wo inú Bíbélì tàbí Kùránì wọn. Ẹ wo abẹ́ bébà tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹ wo ẹ̀yìn férémù tó wà lára ògiri pẹ̀lú, torí àwọn àgbà máa ń ti fótò tuntun bọ iwájú ti àtijọ́ nínú férémù kan náà. Fótò Bàbá tó dára jù lọ, ilé ọ̀rẹ́ wọn ni mo ti rí i. Láyé ìgbà náà, èèyàn máa ń lọ ya fótò láti fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ ni, nítorí náà ojú bàbá yín lè pọ̀ nílé ẹlòmíràn ju ilé yín lọ.

Ìsìnkú ni fótò ti ń sọnù jù. Wọ́n á yọ ọ̀kan ṣoṣo tó dára kúrò lára ògiri, wọ́n á gbé e fún àwọn tó ń tẹ pósítà àti ìwé ètò, ariwo ayẹyẹ á dé, kò sẹ́ni tó máa rántí lọ gbà á. Tiwa padà wá, ṣùgbọ́n ẹnì kan níbi ìtẹ̀wé ti fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ kó lè wọ ẹ̀rọ, òǹtẹ̀ ayàwòrán tó wà ní igun sì bá a lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú fótò wá, ẹ̀dà ni kí ẹ mú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má pa á lára

Kí ọwọ́ mọ́, kó sì gbẹ. Etí fótò ni kí ẹ dì mú. Kò sí omi, kò sí ọṣẹ, kò sí aṣọ tútù. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó sì gbẹ tó fún eruku. Bí fótò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á. Ẹ yà á láti orí gíláàsì bẹ́ẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé.

Álíbọ́ọ̀mù alátè, èyí tó ní náílọ́ọ̀nù lórí ewé kọ̀ọ̀kan, ni ọ̀tá gan-an. Àtè náà máa ń gbẹ mọ́ ẹ̀yìn fótò bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Mo fi èékánná fa ọ̀kan, ìdajì ojú ìyàwó Bàbá kù sára páálí. Títí di òní, n kò sọ fún Àǹtí. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe ni pé kí n kọ́kọ́ ya gbogbo ojú ewé náà bó ṣe wà, torí fótò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò náà ní ìtàn tirẹ̀. Kí n wá fi òwú tínínrín tí wọ́n fi ń ro àárín eyín gba ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi okùn gé ọṣẹ. Bí kò bá gbà, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jókòó ti àwọn àgbà

Òwúrọ̀ ló dára jù, lẹ́yìn oúnjẹ, kí oorun ọ̀sán tó dé. Ẹ má na fóònù sí wọn. Iná á máa kú, wọ́n á fọwọ́ kan án ní ibi tí kò yẹ, fótò á fò lọ, ìtìjú á sì mú kí wọ́n ní àwọn ti rí i. Ẹ tẹ fótò náà tóbi sórí bébà, kí ojú kọ̀ọ̀kan tó igbá ẹ̀wà. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn ná.

Ẹ má dárúkọ kankan ṣáájú wọn. Bí ẹ bá ní, "Ṣé Bàbá Kùmásí nìyí, mà?", ọ̀pọ̀ àgbà á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má baà já yín kulẹ̀. "Ta nìyí?" tó. Kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà máa ń gùn, ẹ fara dà á.

Ẹ má sì béèrè ọdún. Wọ́n á fún yín lọ́dún, ọdún náà kò sì ní í jóòótọ́. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wà nínú oyún nígbà náà. Ṣé wọ́n ti kọ́ ilé òkè? Ṣé a ti gba òmìnira? Ṣé ìyá yín ṣì wà láyé? Ọmọ tó wà nínú oyún nígbà náà ní ìwé ọjọ́ ìbí lónìí, ọdún ti dé nìyẹn.

Bí ẹ bá lè mú àgbà méjì jókòó pọ̀, ẹ mú wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń jiyàn ni ìtàn wà. Ìyá kan nílé wa ní Ghana Must Go ló gbé Bàbá wálé. Ìyá kejì ní irọ́ ni, a ò tíì máa ná náírà nígbà tí Bàbá dé. Èkejì ló tọ̀nà. January 1983 ni ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana lọ, orúkọ yẹn sì ló lẹ̀ mọ́ báàgì onílà-nílà. Ti Bàbá ti ṣáájú: 18 November 1969 ni ìjọba Busia ní Ghana kéde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń tajà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan bí ọmọ síbẹ̀. Alátà làwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, orúkọ náà ò sì tíì kúrò lára ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní alata samina. N kò já Ìyá àkọ́kọ́ nírọ́ lójú èèyàn o. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni mo kọ sílẹ̀, mo kọ ọdún sábẹ́ rẹ̀.

Ojú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dá mọ̀, ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, oríkì rẹ̀, agboolé rẹ̀, àti ìyá tó bí i. Ẹ má jẹ́ kí "Bọ̀dá Ìbàdàn" tàbí "Ìyá Ẹlẹ́kọ" tó yín. Ẹ̀yin mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yín ò ní í mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tí n kò retí: nígbà tí mo tẹ́ fótò tó tóbi jù síwájú ọ̀kan nínú àwọn Ìyá yìí, wọn kò dárúkọ Bàbá rárá. Oríkì ni wọ́n gbé, láti orí baba ńlá wọn wá, ohùn wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí fótò náà bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo ní ìbéèrè lẹ́nu, mo gbé e mì. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dá wọn dúró, ẹ kàn rí i pé fóònù ṣì ń gbohùn. Bó bá di ẹkún, ẹ da fótò dojú bolẹ̀, kí ẹ bu omi fún wọn. Ọjọ́ mìíràn ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka fótò náà bí ìwé

Fótò tí mò ń sọ yìí, ilé ayàwòrán kan ní Kùmásí ni wọ́n ti yà á. Bàbá jókòó gbọnyin, wọ́n kọjú sí wa gan-an, ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, agbádá tú ká dé ilẹ̀. Wọ́n fa apá dàńṣíkí inú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí agogo ọwọ́ lè hàn. Rédíò kan wà lórí àpótí ìjókòó lápá ọ̀tún, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ dúró lápá òsì. Lẹ́yìn wọn, aṣọ ìkélé tí wọ́n kun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí.

Rédíò yẹn lókìkí nílé wa. Gbogbo ọmọdé ló mọ̀ pé Bàbá ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní rédíò ní agboolé. Ìgbà tí mo gba fótò nílé ọ̀rẹ́ wọn ni mo tó rí i pé rédíò kan náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ náà, kókó ọwọ́ òsì rẹ̀ já bákan náà, àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì wà lẹ́yìn. Rédíò ayàwòrán ni. Agogo ni kò sí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà, èmi sì rí agogo yẹn nínú àpótí. Nítorí náà, ẹ to fótò tó jáde láti ilé ayàwòrán kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun kan náà tó bá ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríṣiríṣi èèyàn, ti ilé ayàwòrán ni.

Ní ti ọjọ́ orí fótò, ẹ dà á bolẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn. Òǹtẹ̀ tó bá pe ìlú náà ní Gold Coast ti wà ṣáájú 6 March 1957 tí wọ́n di Ghana, àfi bí ayàwòrán náà bá ya ahun tí kò pààrọ̀ òǹtẹ̀. Etí fótò tí wọ́n gé wọ́jọwọ̀jọ bí eyín ayùn sábà máa ń jẹ́ ti àárín 1940 sí 1960 àti díẹ̀. Fótò aláwọ̀ tó ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, 1970 síwájú ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ọkọ̀ bá wà lójú títì nínú fótò, ẹ wo ọwọ́ tó ń gbà: òsì là ń wà ní Nàìjíríà títí di 2 April 1972, Ghana sì tẹ̀ lé wa sí ọwọ́ ọ̀tún ní August 1974. Aṣọ nìkan kò ṣeé gbọ́kàn lé. Èèyàn máa ń wọ agbádá ogún ọdún lọ ya fótò.

Ẹ má ṣe kọ ọdún kan ṣoṣo bí kò bá dá yín lójú. "Láàárín 1957 sí 1965" sàn ju irọ́ tó ní ọjọ́ àti oṣù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ̀dà

Bí ẹ bá rí sikánà, dpi 600 ni kí ẹ gbé e sí (dpi ni ìwọ̀n bí ẹ̀dà náà ṣe máa fi nǹkan kéékèèké hàn tó). Fótò pélébé bíi ti pásípọ́ọ̀tù, 1200. Ẹ ṣe iwájú, ẹ ṣe ẹ̀yìn. Ẹ má gé etí funfun rẹ̀ kúrò. TIFF, irú fáìlì ńlá tó ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́, ni kí ẹ fi pamọ́; JPEG, èyí tó fúyẹ́, ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́.

Fóònù náà tó bí kò bá sí sikánà. Ẹ tẹ́ fótò sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ò ti kọlu tààrà, ẹ pa iná filáṣì, kí fóònù dúró gbọọrọ lókè rẹ̀ láìdẹ̀gbẹ́. Ẹ kíyè sí òjìji orí yín. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document, torí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fótò lásán, yóò fún un pọ̀, ojú á sì di kúlúkúlú bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tóbi.

Orúkọ fáìlì: ọdún, ìlú, ẹni, nọ́ńbà. Ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú èyí tó kù.

Ẹ ó rí ẹ̀rọ tó ń kun fótò dúdú àti funfun ní àwọ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó kun agbádá Bàbá ní búlúù. Agbádá náà wà nínú àpótí, sányán ni, àwọ̀ ilẹ̀ ni. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ fi ṣeré, kò burú, kí wọ́n sáà kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló kùn ún.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹrù tó bá fótò rìn

Ẹ ya ẹrù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ẹni tó sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Aṣọ òkè kò fẹ́ fífọ̀. Ẹ sá a níbi òjìji fún wákàtí díẹ̀, ẹ ká a padà, kí ìlà ìká rẹ̀ má bọ́ sí ojú ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wà, torí ibẹ̀ ló ti máa ń já. Ẹ má dì í sínú náílọ́ọ̀nù, kò ní í lè mí. Agogo tí wọ́n ń yí ní kókó, ẹ má fi tipátipá yí i, ẹ má sì fi nǹkan dán irin rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹrù Bàbá, ohun tí mo bá jókòó jù ni ìwé gbèsè wọn. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n kọ orúkọ oníbàárà sí, ọjà tí wọ́n gbà, iye tí wọ́n san, iye tó kù. Pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní àárín ìwé, ojú ewé kan wà tí wọ́n fa ìlà sí láti etí dé etí, owó ìsàlẹ̀ ìlà náà sì di cedi. July 1965 ni Ghana bẹ̀rẹ̀ sí ná cedi, mo wá fi ojú ewé kan ṣoṣo yẹn mọ ọjọ́ orí gbogbo ìwé náà. Lẹ́yìn náà ewé á kún, á kún, títí di November 1969. Ibẹ̀ ló dá dúró. Wọn kò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọn kò ṣírò àròpọ̀. Ó kù tó ogójì orúkọ tí kò tíì san, wọ́n sì gbé ìwé náà wálé, wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àǹtí ní òun rántí pé Bàbá máa ń mú un jáde ní alẹ́ nígbà mìíràn, wọ́n á ka orúkọ àwọn èèyàn náà, wọ́n á rẹ́rìn-ín: "Èyí ti kú báyìí. Èyí máa san."

Nítorí náà, ẹ má da bébà nù. Rìsíìtì, káàdì ẹgbẹ́, lẹ́tà, ìwé ọkọ̀. Fótò ò lè sọ fún yín pé bàbá yín máa ń dárí ji onígbèsè.

Ìkìlọ̀ kan: orúkọ tó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn ṣì wà láyé. Ẹ má gbé e síta fún gbogbo ayé.

Ìpamọ́

Ikán, ooru àti ọ̀rinrin ni mẹ́ta tó ń jẹ fótò nílẹ̀ wa. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e sí abẹ́ páànù níbi tí oòrùn ti ń yan án, ẹ má fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri tí òjò ń lù. Yàrá àárín, lórí pẹpẹ, nínú páálí tó lómọrí. Ẹ fi bébà funfun tí a kò kọ nǹkan sí la àárín fótò méjì, kí ẹ sì ju àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun sí i. Ọ̀rinrin ni wọ́n ń fà mu. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ kan fótò. Ẹ máa ṣí i wò bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àti bí ọyẹ́ bá lọ tán.

Sẹ́lótéèpù, rárá. Laminate, rárá; ohun tí ẹ bá ti dì báyẹn kò ṣeé tú mọ́.

Ìkọ̀wé ẹ̀yìn fótò

Pẹ́ńsù rírọ̀ ni, kí ọwọ́ fúyẹ́, ní etí, kì í ṣe ní ẹ̀yìn ojú èèyàn. Báírò máa ń yọ sí iwájú. Àwọn fótò aláwọ̀ tí ẹ̀yìn wọn ń yọ̀ kì í gba pẹ́ńsù. Ẹ kọ tiwọn sára àpò bébà tí ẹ fi wọ́n sí.

Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé sí àlejò. Orúkọ, oríkì, agboolé, bó ṣe bá wa tan, ìlú, ọdún, ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ Bàbá, kí ẹ tẹ ọ̀kan fún Ìyá tó kì wọ́n. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, orúkọ Bàbá ló bẹ̀rẹ̀, mo kọ "àbúrò bàbá tó bí bàbá mi, ọmọ ìyá kan náà" sí i, mo kọ Kùmásí, mo kọ pé agogo jẹ́ tiwọn, rédíò kì í ṣe tiwọn. Lábẹ́ rẹ̀, mo kọ: "Ọmọkùnrin apá òsì:", mo sì fi ìyókù ìlà náà sílẹ̀ lófìfo. Àgbà mẹ́rin ti wò ó. Ìyá kan ṣoṣo ló kù ní Ọ̀fà tí n kò tíì débẹ̀.